Alẹ́ Tí A Lu Ìlù Kọjá Lẹ́nu Ọ̀nà Ìyá Ìbejì

Ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà sí ní ojú ewé kan tí kò ní ìwọ̀n ẹnikẹ́ni nínú. Orúkọ ọkùnrin márùn-ún ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye ìbò tí oníkálukú wọn ní. Abíọ́lá Ajímọ̀bi, APC, 327,310. Ràṣídì Ládọjà, Accord, 254,520. Adébáyọ̀ Àlàó-Akálà, Labour, 184,111. Teslim Fọlárìn, PDP, 79,019. Ṣèyí Mákindé, SDP, 54,740. Rédíò ni mo ti ń gbọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń pè é ni mo ń kọ ọ́, lẹ́yìn ìdìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí a dì ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2015. Mo ro ti àwọn mẹ́rin ìsàlẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 572,390. Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni mo sunkún, nítorí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn ni mo ti fi oṣù mẹ́rin kiri fún láti ojúlé dé ojúlé.

N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ tí mo bá ṣiṣẹ́. Ká ní inú ọ̀kan nínú mẹ́ta yòókù ni mo wà, ohun kan náà ni ojú mi ìbá rí.

Ẹni tó bá gbé Ìbàdàn nígbà náà mọ̀ pé abẹ́ abùradà kan náà, ìyẹn PDP, ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jáde. PDP ni Ládọjà fi wọlé gómìnà ní 2003, Akálà sì ni igbákejì rẹ̀. Ìjà wá bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ládọjà àti Olóyè Làmídì Adédibú, baba ìsàlẹ̀ wọn ní Mọ̀lété. Ní oṣù Kìíní 2006, àwọn aṣòfin kan yọ Ládọjà nípò, Akálà gorí àga. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá Ládọjà padà sípò. Ọgbẹ́ yẹn kò jinná mọ́. Ládọjà kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Accord, nígbà tí 2011 sì dé, Ajímọ̀bi tó dúró fún ACN, ẹgbẹ́ tó di ara APC lẹ́yìn náà, ní 420,852, Akálà tó wà lórí àga ní 387,132, Ládọjà ní 275,773. Gómìnà tó wà lórí àga ṣubú. Gbogbo wa la rí i. Ní ìparí 2014, PDP tún fa ọwọ́ Fọlárìn sókè, Akálà gba Labour lọ, Mákindé gba SDP lọ, Ládọjà sì wà ní Accord tirẹ̀. Wọ́n máa ń ki ìlú wa pé ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ ọ. Lẹ́yìn 2015, kò dùn mọ́ mi nínú mọ́.

Àwa obìnrin ni a máa ń bá ẹgbẹ́ wọ inú ilé. Ọkùnrin máa ń dúró ní iwájú ìta, yóò máa sọ̀rọ̀ ìjọba. Obìnrin ló mọ ẹni tí kò tíì gba káàdì ìdìbò rẹ̀ ní ọ́fíìsì INEC, ó mọ ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn tí yóò nílò ọ̀kadà, ó mọ ọkọ tí yóò ní kí ìyàwó òun má jáde. Ní àdúgbò wa, ní ìhà Ìbàdàn Àríwá-Ìlà-Oòrùn, ẹni tó mọ gbogbo èyí jù ni ìyáálé mi tí a ń pè ní Ìyá Ìbejì. Ó ti wà ní agboolé wa ṣáájú kí wọ́n tó gbé mi wá sílé ọkọ. Òun ló mú mi wọ ẹgbẹ́, òun ló kọ́ mi bí a ti ń jókòó nínú ìpàdé wọ́ọ̀dù láìjẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ bò wá mọ́lẹ̀. Ó ní ìwé kan, ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó, tí ó kọ orúkọ àwọn olùdìbò sí láti ojúlé dé ojúlé: ẹni tó dájú, ẹni tó ń ṣiyè méjì, ẹni tí a gbọ́dọ̀ lọ gbé.

Nígbà ìdìbò abẹ́lé, ẹni tí ó tẹ̀lé yàtọ̀ sí ẹni tí mo tẹ̀lé. Kò sí ìjà níbẹ̀. A jọ ń lọ sí ìpàdé, a jọ ń bọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dìbò abẹ́lé náà, ẹni tiwa ló wọlé. Ìròyìn dé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ gbé ìlù, a tú síta, a ń kọrin. Ọ̀nà tó lọ sí títì gba ẹnu ọ̀nà Ìyá Ìbejì kọjá. A lè yà gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. A kò yà. Ẹnì kan dúró gan-an níwájú fèrèsé rẹ̀, ó tún orin náà dá, àwa tó kù sì gbè é. Mo gbè é pẹ̀lú wọn. Mo rí i tí iná inú yàrá náà kú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, n kò lọ kí i. Mo ní aṣọ ìgbéyàwó láti parí, mo sì ń sọ lọ́kàn ara mi pé bó bá di ọjọ́ méjì yóò ti gbàgbé. Ẹgbẹ́ gbé ikọ̀ ìpẹ̀tù-sáàwọ̀ dìde, wọ́n fi mọ́tò mẹ́ta lọ bá ọ̀gá tí ó tẹ̀lé, wọ́n bá a jẹun, wọ́n ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó ya agboolé wa. Mo rò ó láti ìgbà náà wá pé àwọn tó ń pẹ̀tù máa ń ro pé bí a bá ti tu ẹni tó wà lókè lójú, àwọn tó wà nísàlẹ̀ yóò tẹ̀lé e bọ̀ bí ọ̀já tẹ̀lé ọmọ. Ọ̀gá náà kò tilẹ̀ gbà, ó lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá tilẹ̀ gbà, Ìyá Ìbejì kò bá a jà. Àwa tí a dúró níwájú fèrèsé rẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó gbé ańkárá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ojú ọ̀gá rẹ̀ àti àmì ẹgbẹ́ tuntun wà lára rẹ̀. Ó gbé e lé orí tábìlì, ó ní, "Ìyàwó, ìwọ̀n mi wà lọ́wọ́ rẹ." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó lọ. Mo rán an. N kò rán aṣọ kankan dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí, mo tilẹ̀ fi ìdè sí i lọ́rùn láìgba owó rẹ̀. Ó rán ọmọ wá mú un, ó fi owó mi ránṣẹ́ pé pérépéré. Odindi ọdún mẹ́rin la fi wà báyìí. Ìkíni òwúrọ̀ àti ti alẹ́ nìkan ló kù láàárín wa, nítorí nínú agboolé, a kò lè má kí ara wa.

Ìwé rẹ̀ sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Èyí ni ohun tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò kì í rí nígbà tí wọ́n bá ní ẹgbẹ́ kan ti pín. Wọ́n á ní ìbò ló pín. Kí ìbò tó pín, ìwé ti pín, ẹsẹ̀ tó ń wọ ilé ti pín, ẹni tó mọ orúkọ ìyá arúgbó kejì lójúlé kẹta ti lọ. Àwa bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun lóṣù Kejì, nígbà tí ìdìbò kù oṣù méjì.

Ọjọ́ ìdìbò náà gan-an, ojú tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Ní 2015, òwúrọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ẹ̀rọ yẹ káàdì wò, ọ̀sán ni wọ́n tó ń dìbò. Ẹni tó ti yẹ káàdì wò lè lọ sílé jẹun kó má padà mọ́, nítorí náà gbogbo ẹgbẹ́ ló ń ṣọ́ àwọn àgbàlagbà kí wọ́n má lọ jìnnà. Nǹkan bí aago kan, mo di ọwọ́ ọ̀tún ìyá kan mú, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ tò. Ìyá Ìbejì di ọwọ́ òsì mú. Àwa méjèèjì kò wo ojú ara wa. Obìnrin kẹta láti ẹgbẹ́ mìíràn tún dé, ó ń fi ìka rẹ̀ ya àmì ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́. Ìyá náà fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, wọ́n ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, ọmọ kan náà ni gbogbo yín." Wọ́n lọ sílé. Wọn kò dìbò. Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò gbàgbé ìyẹn.

Orí bẹ́ǹṣì, ejẹ́ǹtì ẹgbẹ́ mẹ́rin jókòó, wọ́n ń ṣọ́ ara wọn. Ejẹ́ǹtì ẹgbẹ́ tó wà nílé ìjọba jókòó lọ́tọ̀, ara rẹ̀ balẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Nígbà tí wọ́n kà á tán tí wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù EC8A, àwa mẹ́rin ti ń ṣàríyànjiyàn lórí ẹni tó ṣe ipò kejì.

Àwọn kan ń bi mí pé báwo ni ẹni tí ìbò rẹ̀ kò tó ìdajì ṣe di gómìnà. Òfin ilẹ̀ wa kò béèrè ìdajì. Ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù, tó bá sì ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ó ti wọlé. Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló wà ní Ọ̀yọ́, nítorí náà 22 ló nílò. Bí ẹ bá kó ìbò àwọn márùn-ún tí mo dárúkọ lókè jọ, nínú ọgọ́rùn-ún, 36 ló jẹ́ ti Ajímọ̀bi. Ó tó. Ó sì di gómìnà àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ wa tó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ń pè é ní Kòṣẹlẹ̀rí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, ẹgbẹ́ onígbálẹ̀ kan náà, APC, ní 528,620 ní Ọ̀yọ́ nínú ìdìbò ààrẹ. Nígbà tó di ti gómìnà, iye náà ti fi ohun tó lé ní 200,000 dín. Àwọn ènìyàn fẹ́ kúrò lẹ́yìn ìgbálẹ̀. Nígbà tí wọ́n kúrò, oríta mẹ́rin ni wọ́n bá.

Ṣùgbọ́n mo ní láti tún ohun kan ṣe, nítorí ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Iye 572,390 tí mo fa ìlà sí yẹn kì í ṣe òótọ́. Mo ń rò ó bí ẹni pé ìbò dà bí gààrí, tí a lè da kóńgò mẹ́rin sínú àpò kan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Akálà. Àwọn mẹ́rin yòókù, ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n. Mo ní oníbàárà kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo bi í pé bí Akálà bá ti ní kí wọ́n dìbò fún Ládọjà ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí wọ́n yọ lọ́dún 2006 àti ẹni tó gba àga, tí ọ̀kan bá ní kí a dìbò fún èkejì, ilé ni òun yóò jókòó sí. Oníbàárà mìíràn láti Òkè-Ògùn ní, ní tiwọn, kò sí ẹni tó ti jẹ gómìnà rí láti ọ̀dọ̀ àwọn, nítorí náà ìjà ilé Ìbàdàn ni gbogbo rẹ̀ lójú òun. Wọ́n kọ́ mi lọ́gbọ́n ju ìwé ìwọ̀n mi lọ.

Ọdún 2023 tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti ìhà kejì. Lọ́tẹ̀ yìí APC ló pín. Fọlárìn, tó ti kúrò ní PDP nígbà náà, gba àsíá APC. Adébáyọ̀ Adélabú bínú lọ sí Accord. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé ìpín yẹn ló fún Mákindé láǹfààní. Mákindé ní 563,756. Fọlárìn ní 256,685, Adélabú ní 38,357. Ẹ ro ti àwọn méjì pọ̀, kò tó 300,000. Ẹgbẹ́ lè pín kó má jẹ́ ìpín ló pa á. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń pàdánù lónìí gbọ́ èyí, nítorí ó rọrùn púpọ̀ láti di ẹ̀bi ru ẹni tó bínú lọ, kí a má béèrè ohun tí aráàlú ń sọ nípa wa.

Ibì kan wà tí ìṣirò náà kò gba àríyànjiyàn, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ọ̀ṣun ni. Lọ́dún 2018, ìbò 353 péré ló wà láàárín Ademola Adeleke ti PDP àti Gbóyèga Oyètọ́lá ti APC kí INEC tó ní kí wọ́n lọ tún un dì ní ibùdó méje. Iyiola Omiṣore tó ti kúrò ní PDP lọ sí SDP ló wà nípò kẹta. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló rán ènìyàn lọ bá a nílé. Oyètọ́lá ni Omiṣore gbà fún, Oyètọ́lá ló sì wọlé, pẹ̀lú ìbò 482. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń tajà ní Òṣogbo pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Ẹni tí ẹ kò kí nílé àná, òun lẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún lónìí."

Owó náà wà nínú rẹ̀, n kò ní díbọ́n. Ní 2022, 50 mílíọ̀nù náírà ni APC ta fọ́ọ̀mù gómìnà, PDP ta tirẹ̀ ní 21 mílíọ̀nù. Ẹni tó ti san irú owó bẹ́ẹ̀, tó ti na ìlọ́po rẹ̀ lórí àwọn tó ń dìbò abẹ́lé, ẹ kò lè fi adùn ẹnu sọ fún un pé kó lọ jókòó. Òfin ìdìbò 2022 tilẹ̀ sọ pé bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ fi ẹnu kò sórí ẹnì kan láìdìbò, gbogbo àwọn tó ń díje gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn gbà. Mo fẹ́ràn òfin yẹn. Ìbá dára ká ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà fún àwa tí a wà ní wọ́ọ̀dù pẹ̀lú.

Ní 2019, àwọn àgbà ìlú gbìyànjú ohun mìíràn. Nígbà tí ìdìbò ti dé tán, Fẹ́mi Lanlehin ti ADC àti Sharafadeen Alli ti ZLP, ẹgbẹ́ tí Ládọjà wà nígbà náà, fi ipò sílẹ̀ fún Mákindé tó ti padà sí PDP. Akálà, tó ń díje lábẹ́ ADP, fà mọ́ Adélabú ti APC. Nítorí náà, ó di ẹni méjì. Ìgbà yẹn ni èmi àti Ìyá Ìbejì tún bá ara wa ní ìhà kan náà, láìjẹ́ pé ẹnì kankan nínú wa ló yàn án.

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí ìdìbò kù ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbé ìwé náà kalẹ̀ lórí tábìlì, níbi tí ó gbé ańkárá sí lọ́jọ́ sí. Ó ní, "Ìyàwó, ìwé nìyí. A óò pín àdúgbò." Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú nítorí alẹ́ ọjọ́ yẹn, mà." Ó ní, "Èwo nínú alẹ́?" Mo mọ̀ pé ó mọ̀. A ṣí ìwé náà. Ní ojú ewé kejì, ó ti fi bírò pupa fa ìlà sí orúkọ méje, àwọn tó ti kú láàárín ọdún mẹ́rin náà. Orúkọ ìyá tó ní ọmọ kan náà ni gbogbo wa wà nínú wọn.

Wàhálà tó wà nínú fífi ipò sílẹ̀ nígbà tí ọjọ́ ti lọ ni pé ìwé ìdìbò kò mọ̀. Òfin tó wà nígbà náà sọ pé olùdíje kò lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò mọ́ bí ìdìbò bá ti ku ọjọ́ 45. Ti 2022 sọ ọ́ di 90. INEC ti tẹ̀ ẹ́, àmì ẹgbẹ́ ti wà níbẹ̀. Kò sì sí àwòrán olùdíje lórí rẹ̀, àmì àti lẹ́tà ẹgbẹ́ nìkan ni. Nítorí náà, gbogbo ẹni tí a ti fi oṣù púpọ̀ kọ́ pé àmì báyìí ni kí wọ́n tẹ̀, a ní láti padà lọ sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kì í ṣe òun mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta la ní. A pín in: ìhà ọ̀tún fún mi, ìhà òsì fún ìyáálé mi.

Mákindé wọlé, 515,621 sí 357,982. Inú àdúgbò dùn. Àwọn ọ̀dọ́ tún gbé ìlù, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni kí wọ́n gbà. Wọ́n gbà á. Ṣáájú, nígbà tí wọ́n ń ka ìbò ní ibùdó wa, ìbò mẹ́ta jáde fún ẹgbẹ́ tó ti fi ipò sílẹ̀. Èmi àti Ìyá Ìbejì wo ara wa, a ń ro àwọn tó lè jẹ́.

Lálẹ́, a jọ gbé oúnjẹ lọ fún Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n baba ọkọ wa, tí yàrá rẹ̀ wà láàárín gbùngbùn agboolé, tí kò sí ní ọ̀tún tí kò sí ní òsì. Wọ́n ń yọ̀. Wọ́n ní, "Mo tẹ̀ ẹ́ fún yín o. Èyí tí ẹ fi hàn mí nígbà tí ọyẹ́ ń mú ni mo tẹ̀, n kò ṣì í."

Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀ tì wọ́n, ó ní, "Ìyá, wọ́n ti fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn."

"Ta ló sọ fún mi?"

Ìyáálé mi wò mí. Ó rò pé mo ti sọ fún wọn. Èmi náà wò ó, mo rò pé òun ló ti sọ. Ìyá Àgbà na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n ní kí a gbé omi wá kí àwọn fi fọwọ́, ọbẹ̀ ń tutù.